Wáyà Mẹ́fà, Etí Méjì

Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Denon ti ilẹ̀ Japan gbé wáyà kan sórí àtẹ. Wáyà ọ̀hún gùn ní mítà kan àbọ̀ péré. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ sí ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kì bọ ìdí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, èyí tí ènìyàn lè rí rà ní dọ́là mélòó kan kó tún gba ṣéńjì. Dọ́là 499 ni wọ́n ń tà á. Wọ́n ya ọfà sí i lára, kí ẹni tó bá rà á lè mọ ìhà tí ohùn gbọ́dọ̀ kọjú sí, kó má baà ki ìdí wáyà síbi tó yẹ kí orí rẹ̀ wà. AK-DL1 ni wọ́n sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an kò ju kó gbé orin kúrò nínú pìléyà tí wọ́n fi àwo sí, kó gbé e dé inú rísífà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lóhùn, tó jókòó tì í lórí pẹpẹ kan náà.

Ayé gbọ́, ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ń gba inú wáyà yẹn kọjá kì í ṣe omi tí ń wá ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Òǹkà ni, òdo àti ení. Òǹkà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: bó bá dé pé, orin dé pé, bí kò bá dé pé, orin á máa já lọ́nà. Kò sí ọfà tó lè kọ́ ọ ní ìwà. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo wá bi ara mi pé irú ìyà wo ló ti kọ́kọ́ jẹ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tà á fún, tí ẹnìkan fi lè na wáyà dọ́là 499 sí wọn tí wọn kò sì fi pàṣán lé e jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ni àwọn àgbà wí: ọ̀rọ̀ kì í mọ síbi tí ojú rí i dé. Àwọn àgbà ń pa òwe ni. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, kò sí òwe nínú ẹ̀fà náà rárá. Wáyà mẹ́fà gidi ni, tó ní orí tó ní ìdí, tó sì máa ń já lulẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ gẹ́lẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ní kí òun dìde nara.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹrù tí wọ́n fẹ́ rán wáyà náà. Ní 1982 ni Sony àti Philips gbé síídì jáde, àwo pelebe tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú orin ni pé ó ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ̀ ìṣirò sì ti fi hàn pé bí a bá wọn ohùn bẹ́ẹ̀, gbogbo ìró tó ń gbọ̀n títí dé nǹkan bí ìgbà 22,050 ní ìṣẹ́jú àáyá ni àwo náà lè gbà. Etí ọmọdé tí kò ní àrùn kankan kì í fẹ́ẹ́ ju 20,000 lọ. Tiwa tí irùngbọ̀n ti ń funfun kò tilẹ̀ débẹ̀ mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ló ń gé etí kù láti òkè wá. Ní kúkúrú, síídì ti tóbi ju etí lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ta ni yóò wá ta kinní mìíràn fún ẹni tí etí rẹ̀ ti kún? Sony àti Philips kan náà ni. Ní 1999 wọ́n padà dé pẹ̀lú Super Audio CD, tí gbogbo ayé ń pè ní SACD. Èyí ń wo ohùn ní ìgbà 2,822,400 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Pìléyà rẹ̀ àkọ́kọ́, SCD-1, ń lọ sí nǹkan bí dọ́là 5,000 ní Amẹ́ríkà, ohùn méjì péré ló sì ní, òsì àti ọ̀tún, bíi ti síídì tí wọ́n ní ayé rẹ̀ ti lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, DVD-Audio dé láti ọ̀dọ̀ àwọn orogún. Àwo méjèèjì fẹ̀ bákan náà, wọ́n ń dán bákan náà, pìléyà ọ̀kan kò sì mọ èkejì rí, àfi nígbà tó yá tí wọ́n ṣe èyí tó ń gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá pín ohùn sí mẹ́fà: òsì, ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn lósì, ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, àti wúfà tí ń kù rìrì nílẹ̀. 5.1 ni wọ́n ń pè é. Bí onílù bá wà lẹ́yìn rẹ, ẹ̀yìn rẹ ni wàá ti gbọ́ ọ. Èrò náà dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ìyẹn ló mú ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston. Oníṣirò owó ni wọ́n, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá fún wọn ní rìsíìtì ọjà, wọ́n á kà á dé ibi tí wọ́n kọ "ẹ ṣeun" sí. Kò sí ọmọ ilé wa tí wọn kò tíì gbà nímọ̀ràn lórí ìnáwó ìnákúnàá. Àfi tó bá kan orin. Ẹ̀gbọ́n ra pìléyà tó ń gba gbogbo àwo, wọ́n ra rísífà, wọ́n ra sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, wọ́n sì ra The Dark Side of the Moon ti Pink Floyd, èyí tí wọ́n tún gbé jáde lórí SACD ní 2003, tí James Guthrie pín ohùn rẹ̀ sí 5.1. Wọ́n pè mí jókòó.

"Àbúrò, o ò tíì gbọ́ orin rí láyé rẹ."

Wáyà ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi so pìléyà mọ́ rísífà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná pupa kékeré ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ rìmóòtù. Àwo ń yí, ìṣẹ́jú ń kà lọ lójú pìléyà, pálọ̀ pa lọ́lọ́. "Jẹ́jẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ìró ọkàn tí ń lù ló ṣáájú nínú àwo yẹn, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí. A dúró de ọkàn. Ọkàn kò lù. A tún dúró. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n wo àwa méjèèjì tí a tẹ́tí sí ògiri, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n wọ inú mẹ́nù, wọ́n tẹ tibí, wọ́n tẹ tọ̀hún, lójijì orin bú jáde láti ibi gbogbo. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n dijú. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ṣé o gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara? Síídì kò lè ṣe èyí láéláé."

Mo wo ojú pìléyà. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni CD.

Àwo yẹn ní ìpele méjì, ọ̀kan jẹ́ SACD, èkejì jẹ́ síídì lásán kí pìléyà àtijọ́ lè rí nǹkan kà. Ìpele SACD kò gba wáyà ìmọ́lẹ̀ jáde rárá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń tẹ mẹ́nù káàkiri, wọ́n ti bọ́ sórí ìpele síídì, rísífà sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ pín ohùn méjì náà káàkiri sípíkà márùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, CD ló kọ síbí o."

"Kí lo wí?"

"CD ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ẹ̀ tíì dé SACD."

Wọ́n la ojú. Wọ́n wo pìléyà, wọ́n wò mí, ayọ̀ sì tún wá gba ojú wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ìyẹn ni pé bí SACD bá wá dé, á tún dùn ju báyìí lọ!"

Báwo lènìyàn ò ṣe ní fẹ́ràn irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Ó di wáyà mẹ́fà, ọ̀kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rà wọ́n ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, pupa àti funfun, pupa àti funfun, pupa àti funfun. Ní ti òsì àti ọ̀tún, gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀tún ló ni pupa. Ti ẹ̀yìn náà kò le. Láàrin sípíkà àárín àti wúfà ńkọ́, ta ló ni pupa? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n tí àwọn ọmọ Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀ kí ní ìpàdé ẹgbẹ́ ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún rísífà lẹ́yìn pẹpẹ, tọ́ọ̀ṣì há wọn lẹ́nu, eruku ń lẹ̀ mọ́ wọn níkùn. Ọwọ́ ń kì wáyà bọ ihò tí ojú kò rí, nítorí pé orí kò lè wọ àlàfo tí apá wọ̀. Èyí tó yẹ kó lọ sí àárín ni wọ́n kì sí ti wúfà. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, akọrin ń kùn lábẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀sì sì ń gbọn sípíkà kékeré tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n jìgìjìgì títí tó fi fẹ́ rìn bọ́ sílẹ̀. Ó tún di ìdọ̀bálẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì dé. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ti fi téèpù àwọn kápẹ́ńtà wọn ọ̀nà láti orí àga dé ọ̀dọ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú rísífà, kó lè mọ sípíkà tó jìnnà àti èyí tó sún mọ́, kó lè dá èyí tó sún mọ́ dúró díẹ̀ kí ohùn gbogbo baà dé etí pọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé sípíkà wọn kéré, kó máa kó bẹ́ẹ̀sì lọ fún wúfà. Rísífà gbọ́, ó sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti tẹ ibi tí wọ́n kọ MULTI CH IN sí, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà wáyà mẹ́fà, ọ̀pọ̀ jù lọ rísífà ayé ìgbà náà kò tún mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá a sọ mọ́. Wọ́n á gba ohùn bó ṣe dé, wọ́n á kàn mú un le, wọ́n á tú u síta. Kò sí ìwọ̀n ọ̀nà, kò sí kíkó bẹ́ẹ̀sì kiri. Sípíkà kékeré ni kó jà fún ara rẹ̀. Wúfà fúnra rẹ̀ á sì kéré sí bó ṣe yẹ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10, àfi kí onílé wá ibi tí yóò ti gbé e sókè, nínú pìléyà ni o, nínú rísífà ni o. Ẹnu ọ̀nà tó gbówó lórí jù lọ nínú ẹ̀rọ náà ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà kò sí.

Kí ló wá dé? Ẹ̀rọ tí ń ka òǹkà tó lé ní mílíọ̀nù méjì láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ sọ òǹkà náà padà di ohùn orí iná kó tó lè jáde nílé, kó sì gba ihò RCA jáde, ihò tó ti wà láti ayé giramafóònù? Wọ́n á ní wáyà dìjítà àtijọ́ kò lè gbé ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n wáyà tó lè gbé e ti wà nílẹ̀, IEEE 1394, láti 1995, Sony gan-an sì ń lò ó lára kámẹ́rà fídíò lábẹ́ orúkọ i.LINK. Kì í ṣe wáyà ni wọn kò ní. Ìfọkàntán ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ń bẹ̀rù pé bí òǹkà náà bá lè gba wáyà kan jáde ní tútù, ẹnìkan á dúró lẹ́nu wáyà, á gbọ́n ọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ní apá ìparí 1999, ọmọ Norway kan tó ń jẹ́ Jon Lech Johansen, ọmọ ọdún 15, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn tí kò dárúkọ ara wọn, gbé ètò kan jáde tó ṣí àgádágodo tí wọ́n fi ti àwo fíìmù DVD. Jìnnìjìnnì bo àwọn olówó. DVD-Audio tó ti fẹ́ jáde, wọ́n dá a padà sínú yàrá kí wọ́n lè wá àgádágodo mìíràn fún un. Nígbà tó sì jáde, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún àmì ìkọ̀kọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lè fi sínú orin, sínú ohùn fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè tọpa olè. Ẹ tún gbọ́ ọ o. Ohùn tí wọ́n ní ó mọ́ débi pé síídì di ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ sí. Ní ti ọmọ Norway yẹn, ilé-ẹjọ́ ìlú rẹ̀ dá a láre lẹ́ẹ̀mejì ní 2003.

Olè ńkọ́? Olè kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ní 1999 kan náà tí SACD dé ni Napster dé, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín MP3 láàrin ara wọn. MP3 tó wọ́pọ̀ nígbà náà kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ohun tó wà lórí síídì, wọ́n ti yọ ẹran ara rẹ̀ kúrò kó lè gba ẹnu tẹlifóònù kọjá. Òun ni wọ́n ń jí. Òun náà ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kẹrin 2003, irú rẹ̀ kan tó fẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà, ní sẹ́ǹtì 99, tí àwọn ènìyàn sì ń tò rà. Ẹni tó ń jí orin gbé kò fẹ́ òǹkà 2,822,400 kankan, kò ní sípíkà márùn-ún, orí kẹ̀kẹ́ ló wà tó ti kì í bọ etí. Gbogbo àgádágodo yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi tì mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ra pìléyà, tó ra àwo, tó ra wáyà mẹ́fà, tí rìsíìtì gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì.

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n ṣe bí olóúnjẹ tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tán, tó wá ní kó ká ọwọ́ sẹ́yìn kó tó jẹun, torí pé ẹnìkan jí ṣíbí gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì dúró síbẹ̀. Ní 2005, wọ́n ká Sony BMG mọ́ ibi tó ti ń ta síídì tó jẹ́ pé bí o bá fi í sínú kọ̀ǹpútà rẹ, yóò yọ́ fi ètò kan pamọ́ sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí o mọ̀, láti máa ṣọ́ ọ, ètò náà sì ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò àti ọ̀bàyéjẹ́ mìíràn. Mark Russinovich ló tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n kó àwo padà, ilé-ẹjọ́ gbọ́ sí i. Ta ló kó sí pàkúté yẹn? Ẹni tó lọ sí ilé-ìtajà, tó sanwó. Ẹni tó jí tirẹ̀ gbé kò rí nǹkan kan.

SACD fúnra rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ní àgádágodo rẹ̀ kò ṣeé ṣí? Sony ló fi pìléyà SACD sínú PlayStation 3 ti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Inú PlayStation 3 yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé gbà, nígbà tó yá, tí wọ́n fi kó òǹkà inú àwo jáde ní odidi. Ilé olùṣọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ilé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká yíjú sí àwa tí a ra ọjà. Kí ni à ń gbọ́? Ní 2007, Brad Meyer àti David Moran ti Boston tẹ ìdánwò kan jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ohùn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi SACD àti DVD-Audio sórí ẹ̀rọ dáadáa, wọ́n wá ń gba ohùn rẹ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ kan tó ń gé e kù sí ti síídì, láìsọ fún olùgbọ́ ìgbà tí wọ́n gé e àti ìgbà tí wọn kò gé e. Wọ́n bi àwọn olùgbọ́ léèrè ní ìgbà 554. Wọ́n gbà á ní ìgbà 276. Bí wọ́n bá ta kọ́bọ̀ sókè kí wọ́n máa wo orí tàbí ìdí, èsì kan náà ni. Ní 2016, Joshua Reiss ti Yunifásítì Queen Mary ní London kó ìdánwò 18 irú èyí pọ̀, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn ń gbà á ní nǹkan bí ìgbà 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Èjì yẹn wà. A kì í fi ọwọ́ gbá èjì dànù. Ṣùgbọ́n èjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀gbọ́n ń wá lẹ́yìn pẹpẹ.

Síbẹ̀ Meyer àti Moran sọ ohun kan tí n kò gbọ́dọ̀ fò: ọ̀pọ̀ àwo SACD àti DVD-Audio yẹn dùn ju síídì tó kún ọjà lọ ní tòótọ́. Kì í ṣe òǹkà ló fà á. Àwọn tó ṣe wọ́n ló fara balẹ̀ ṣe wọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí yóò rà á máa gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ gidi, kò ní gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Wọn kò fún ohùn lọ́rùn kó lè máa pariwo. Wọn ì bá ti fi ìfarabalẹ̀ yẹn sórí síídì lásán, ẹ̀gbọ́n ì bá má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òwe náà sì tún ní ẹ̀tàn nínú. Láti 2004, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn orin àtijọ́ RCA Living Stereo jáde lórí SACD, orin tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá bíi ti Chicago lábẹ́ Fritz Reiner gbà sílẹ̀ láàrin 1950 sí 1960 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, téèpù olóhùn mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á: òsì, àárín, ọ̀tún. Àwọn tó tún un ṣe jẹ́ olóòótọ́, wọn kò fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi wáyà mẹ́fà so ẹ̀rọ rẹ̀ tán, tó fi àwo yẹn sí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà á di ẹ̀ta. Sípíkà ẹ̀yìn á dákẹ́, wúfà á dákẹ́, onílé á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìdí wáyà. Mo mọ ẹni tó wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohùn àwo yẹn sì ni mo gbádùn jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ ní pálọ̀ Houston, nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbà láti jókòó.

HDMI ló gba gbogbo wa sílẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n tún un ṣe kó lè gbé DVD-Audio, ní 2005 kó lè gbé òǹkà SACD bó ṣe wà. Wáyà kan ṣoṣo, àgádágodo wà nínú rẹ̀, ọkàn àwọn olówó balẹ̀. Rísífà tún rí òǹkà kà, ó tún rántí ìwọ̀n ọ̀nà, ó tún kó bẹ́ẹ̀sì lọ fún wúfà. Ẹ kíyè sí ọdún: nígbà tí Denon fi máa gbé wáyà ọlọ́fà rẹ̀ wá ní 2008, HDMI ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta, ti Denon kò sì wúlò àfi bí pìléyà àti rísífà bá jẹ́ ti Denon méjèèjì. Èje náà dé, ó sì kọjá: 7.1 dé, sípíkà mẹ́jọ nìyẹn bí ẹ bá kà á dáadáa; ní 2014, Dolby Atmos wọ ilé, wọ́n ní kí á gbé sípíkà sí àjà. Ẹ̀gbọ́n ti ra àkàbà.

Ní 2021, Apple ṣí orin tí wọn kò gé kù rárá fún gbogbo ẹni tó ń san owó oṣù, títí dé òǹkà 192,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó jẹ́ òkè téńté fún DVD-Audio, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ kún un. Ohun tí wọ́n tì mọ́lé ní 2000 tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba wáyà kan jáde, òun ni wọ́n ń tú dà sínú fóònù ọmọ ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ra wáyà mẹ́fà.

Bí ẹ bá ní pìléyà SACD nílé tó ní HDMI, ẹ lo HDMI, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SACD sí, ẹ sọ fún un kó gba HDMI jáde, ní DSD, òǹkà SACD bó ṣe wà, bí rísífà yín bá gbọ́ èdè DSD, ní PCM, irú òǹkà ti síídì, bí kò bá gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ èyí àtijọ́ tó ní ihò mẹ́fà nìkan, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ti pẹpẹ padà, kí ẹ sì gbé wúfà sókè. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra àwo.